Ẹ Bi Àǹtí Oníjìtá: Kọ́ọ̀dù inú fóònù àti etí tara wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn Òṣogbo, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà wá láti ìlú mìíràn. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ fóònù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀: app tó ń fi kọ́ọ̀dù hàn (ìyẹn àwọn ohùn tá à ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), sáìtì tó ń gbọ́ orin tó sì ń sọ kọ́ọ̀dù ẹ̀, túnà tó ń sọ bóyá okùn jìtá dún bó ṣe yẹ, fídíò, gbogbo ẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an ni, torí tẹ́lẹ̀, téèyàn ò bá mọ ẹnì kan nínú bẹ́ńdì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó máa jókòó tì í, ibi tí ìka ń lọ lórí jìtá á ṣókùnkùn sí i ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra jìtá lọ́wọ́ ọmọ hostel wa kan tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, mo wá da app kan sórí fóònù mi, wọ́n ní kọ́ọ̀dù inú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Mo ṣí C, ó gbé oríṣiríṣi àwòrán jáde, X lókè, O lókè, nọ́ńbà nínú àmì dúdú. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Ọmọ UNIOSUN, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fara balẹ̀. Ẹgbẹ̀rún tí wọ́n pè é yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, kọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n tẹ̀ síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ọrùn jìtá, C wà nítòsí orí, C wà láàárín, C tún wà lọ́hùn-ún nítòsí ikùn jìtá, èyí tí app bá kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ ló sábà máa ń jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ni kó o mú, fi ìyókù sílẹ̀ ná.

Bó o ṣe máa ka àwòrán yẹn nìyí. Ṣe bí ẹni pé wọ́n gbé jìtá dúró síwájú ẹ, ó kọjú sí ẹ. Ìlà mẹ́fà tó wà lóòró ni okùn mẹ́fà, èyí tó wà lápá òsì pátápátá ni okùn tó ki jù, E nìyẹn, tẹ̀ lé e ni A, D, G, B, E tó tín-ín-rín ló wà lápá ọ̀tún. Àwọn ìlà tó dábùú ni irin tó wà lórí ọrùn, ìyẹn fret. Ìlà tó nípọn lókè pátápátá ni nut, eegun kékeré tí okùn ń gbà kọjá kó tó dé ibi tá a ti ń lọ́ ọ. X lórí okùn, má ta okùn yẹn rárá. O, ta á bẹ́ẹ̀ láì tẹ nǹkan kan. Àmì dúdú róbótó ni ibi tí ìka máa tẹ̀, nọ́ńbà inú ẹ̀ sì ni ìka tó máa lọ síbẹ̀: 1 ni ìka ìfábẹ̀lá, 2 ìka àárín, 3 ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí, 4 ọmọńdinrín. Àtàńpàkò ò ní nọ́ńbà, ẹ̀yìn ọrùn jìtá ló máa wà.

Ká mú C yẹn gan-an. Ibòmíràn á kàn kọ ọ́ báyìí: x32010. Ohun kan náà ni. Má ta okùn tó ki, fret kẹta lórí okùn A, fret kejì lórí okùn D, G lásán, fret kìíní lórí okùn B, E tín-ín-rín lásán. Kí ìka sún mọ́ irin fret yẹn dáadáa láti ẹ̀yìn, kó má gùn ún, tó bá jìnnà sí i okùn á máa dún jẹ̀rẹ̀jẹ̀rẹ̀. Má sì jẹ́ kí tab, ìyẹn orin jìtá tí wọ́n fi ìlà àti nọ́ńbà kọ, da èyí rú mọ́ ẹ lójú o: ní ti tab, ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dùbúlẹ̀ ni, okùn tó tín-ín-rín ló wà lókè, èyí tó ki wà nísàlẹ̀, nọ́ńbà orí ẹ̀ sì jẹ́ ti fret, kì í ṣe ti ìka. Ọ̀pọ̀ ló ti kà á lódìlódì tí wọ́n wá ní orin yẹn ò dùn.

Em, Am, C, G, D ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Em, ìka méjì péré ni. Tó o bá wà lórí Am tó o fẹ́ lọ sí C, ìka 1 àti ìka 2 ò ní kúrò lójú kan, ìka 3 nìkan ló máa gbéra lórí okùn G lọ sí fret kẹta lórí okùn A. Èyí ni ọ̀pọ̀ app kì í sọ fún èèyàn, torí àwòrán kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ń fi hàn, kì í fi ọ̀nà tó wà láàárín méjì hàn, ọ̀nà yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ jìtá! Torí náà lo app yẹn báyìí: wo kọ́ọ̀dù, tẹ̀ ẹ́, ta okùn kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan kó o gbọ́ èyí tó ń dún kú, wá dojú fóònù délẹ̀, gbé ọwọ́ kúrò pátápátá, tún tẹ̀ ẹ́ láìwò. Ìgbà tí ò bá wá sí ẹ lórí mọ́ ni kó o tó tún fóònù gbé. Tó bá ti ń wọlé, kọ metronome, ìyẹn ohun tó ń ka ìlù fún èèyàn, sínú Google, á gbé ọ̀kan jáde fún ẹ lójú ẹsẹ̀, fi sí 60, ìyẹn kíkà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ́ọ̀dù kan fún kíkà mẹ́rin, kó o máa pààrọ̀. Bó bá jẹ́ olùkọ́ tó máa mú ẹ lọ díẹ̀díẹ̀ lo ń wá, Justin Sandercoe, ọmọ Ọsirélíà, ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó tò léra dáadáa lórí sáìtì ẹ̀, JustinGuitar, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ olùkọ́ kan ni kó o mú o, kì í ṣe márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, túnà orí fóònù mi ò dúró sójú kan. Mo bá ta okùn, á ní E, á ní B, á tún ní A. Okùn méjì ló ti já mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí. — Télọ̀, Old Garage

ÌDÁHÙN: Ṣé jẹ́nẹ́rétọ̀ ò sí nítòsí ṣọ́ọ̀bù yín? Máíkì fóònù ni túnà fi ń gbọ́, gbogbo ohun tó bá ń dún lágbègbè yẹn ló ń gbọ́ pọ̀ mọ́ jìtá, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀kadà, gbogbo ẹ̀. Ẹ gbé e wọ yàrá tó dákẹ́ tàbí kẹ́ ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù kí àdúgbò tó jí, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ihò jìtá, okùn kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ọwọ́ di ìyókù mú. Tó bá jẹ́ pé ariwo ò ní kúrò níbẹ̀ láéláé, ẹ ra túnà kékeré tí wọ́n ń fi há orí jìtá, ìyẹn kì í gbọ́ ariwo afẹ́fẹ́, bí igi jìtá ṣe ń gbọ̀n ló ń mọ̀, ẹ lè lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ kò ní sí wàhálà.

Ní ti okùn tó ń já, E méjì ló wà lórí jìtá. E tó ki ń gbọ̀n bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E tó tín-ín-rín ń gbọ̀n bí ìgbà 330, túnà á sì kọ E fún méjèèjì. Tí okùn bá ti kọjá ibi tó yẹ, tẹ́ ẹ wá ń lọ́ ọ lọ sókè kẹ́ ẹ lè bá lẹ́tà yẹn pàdé lẹ́ẹ̀kejì, ó máa já ni. Ẹ tú u sílẹ̀ títí tó fi máa lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kẹ́ ẹ wá máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró níbi tó ti kọ́kọ́ bọ́ sí i. App bíi GuitarTuna máa ń fi okùn tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ hàn yín, ẹ jẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Àǹtí wa. Èmi ni mò ń ta jìtá nínú kúáyà wa. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Àkọ́kọ́, àwọn orin Yorùbá tá à ń kọ lọ́jọ́ Àìkú, mi ò rí kọ́ọ̀dù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti òyìnbó ló kún ibẹ̀. Ìkejì, oníkíbọ́ọ̀dù wa á ní òun wà lórí C, èmi náà á ta C, ohùn ò ní bára mu rárá, gbogbo ìjọ á yíjú sí mi. — Oníjìtá kúáyà, Ayétòrò

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti oníkíbọ́ọ̀dù kúrò ńlẹ̀. Kò parọ́ fún yín. Ìka ẹ̀ wà lórí C lóòótọ́, àmọ́ ó jọ pé ó ti tẹ transpose, kíbọ́ọ̀dù ti gbé ohùn lọ síbòmíràn, ó lè jẹ́ F# ló ń jáde nínú sípíkà. Jìtá tiyín ò ní bọ́tìnnì yẹn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó tẹ dò kó dì í mú, kẹ́ ẹ gbé túnà fóònù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ẹ fi sí chromatic kó má bàa jẹ́ okùn jìtá nìkan lá máa wá, lẹ́tà tó bá gbé jáde ni key, ìyẹn ibi tí dò orin wà, tẹ́ ẹ wà gan-an. Tó bá ní F#, ẹ fi kápò, ìyẹn ohun tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn jìtá láti gbé ohùn gbogbo okùn sókè, sí fret kejì kẹ́ ẹ máa ta bí ẹni tó wà lórí E, tàbí kẹ́ ẹ fi sí fret kẹrin kẹ́ ẹ ta ti D. Ti D ni mo fẹ́ràn jù torí D, G àti A ló máa kó ọ̀pọ̀ orin ìyìn. Tó bá ní Bb, kápò lórí fret kẹta, ẹ ta ti G, ó parí.

Ó wá ku ti orin Yorùbá, èyí gan-an ló ká mi lára jù nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí. Ẹ wò ó, kọ́ọ̀dù tó wà lórí sáìtì ńlá bíi Ultimate Guitar, tó ti wà láti ọdún 1998, àwọn èèyàn bíi tèmi bíi tiyín ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ ọ́ síbẹ̀, ẹnì kan jókòó, ó gbọ́ orin, ó kọ ohun tó gbọ́. Orin táwọn tó mọ̀ ọ́n ò bá kọ sílẹ̀, kò lè sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé orin wa le ju ti òyìnbó lọ o, àwa la ò tíì kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ kúáyà sì ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ jìtá lágbàáyé ò ní, ìyẹn sólfà. Láti kékeré la ti ń fi dò re mí kọ́ àmì ohùn nílé ìwé, ẹ wá dé kúáyà, wọ́n gbé d r m f s l t lé yín lọ́wọ́, kí lẹ tún fẹ́? Inú ẹ̀ ni kọ́ọ̀dù wà. Kọ́ọ̀dù 1 ni d m s. Kọ́ọ̀dù 4 ni f l d. Kọ́ọ̀dù 5 ni s t r. Mánà (minor, èyí tí wọ́n ń fi m kékeré kọ) tó wà ní 6 ni l d m, ti 2 ni r f l. Tẹ́ ẹ bá wà lórí C, C, F, G, Am àti Dm nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wà lórí D, D, G, A, Bm àti Em.

Ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ fi ẹnu kọ orin náà láìgbé jìtá, ẹ wá ibi tó ti fẹ́ sinmi, ìparí ìlà tó kẹ́yìn ló sábà máa ń jẹ́, dò nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ kọ sólfà ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ wo ohùn tó bọ́ sí ibi tí àtẹ́wọ́ ń balẹ̀, ibẹ̀ ni kọ́ọ̀dù ti máa ń yí. Tó bá jẹ́ m, ẹ gbìyànjú 1, tó bá kọ̀, ẹ gbìyànjú 6. Tó bá jẹ́ f tàbí l, ẹ kọ́kọ́ wo 4. Tó bá jẹ́ t tàbí r, 5. Ibi tó ti máa ń rú èèyàn lójú ni d àti s, torí d wà nínú 1 ó tún wà nínú 4, s wà nínú 1 ó tún wà nínú 5, kò sí app tó máa bá yín yan ìyẹn, ẹ ta méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ohùn kan náà kẹ́ ẹ máa kọrin sí i, ọ̀kan á jókòó, ìkejì á máa fa orin sẹ́yìn. Ẹ máa gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù. Ẹ fi app wo bí Bm ṣe rí tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bákan náà, àwọn sáìtì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá, wọ́n á ya ọrùn jìtá síwájú yín, ẹ máa tẹ ojú ibi tí ìka yín wà, á sọ orúkọ kọ́ọ̀dù yẹn fún yín. Èyí dáa gan-an fún passing chord, kọ́ọ̀dù tá à ń gbà kọjá lọ sí òmíràn, tí ọwọ́ yín ṣàdédé rí nígbà ìyìn tẹ́ ò sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa pè é. Tó bá fún yín lórúkọ méjì, kò ṣàṣìṣe, àwọn ohùn tó wà nínú Am7 náà ló wà nínú C6, A, C, E, G, ẹ fetí sí ohun tí oníbáàsì ń ta, ìyẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i tán, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ orin nísàlẹ̀, kọ́ọ̀dù lókè sílébù tó ti ń yí gan-an, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà 1, 4, 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà kí ẹni tó wà lórí key mìíràn lè lò ó, kẹ́ ẹ jù ú sórí WhatsApp kúáyà, kẹ́ ẹ jù ú sí ti ìjọ kejì. Ọmọ kan á wà ní Ìkìrun tàbí ní Ẹdẹ tó ń wá orin yẹn gan-an lálẹ́ òní tí ò rí nǹkan kan. Ó ń dùn mí gan-an ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, kọ́ọ̀dù F. Ẹ jọ̀ọ́. Ìka mi ti fẹ́ bó tán. — Ẹni tí ìka ń dùn, Aláẹ́kúwodò

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́ o. Àwòrán tí app gbé jáde fún ẹ, 133211, ìka kan ló ní kó dábùú okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, má tíì lọ síbẹ̀. Ta F kékeré, xx3211, tàbí xx3210 tó ń jẹ́ Fmaj7, á gbé ọ̀pọ̀ orin. Ká sì yẹ jìtá yẹn wò. Gbé ọwọ́ 133211 yẹn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, lọ sí fret karùn-ún, kó o ta á, A nìyẹn. Ó máa ń rọ̀ níbẹ̀ díẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó dún geere ní fret karùn-ún tí ò sì fẹ́ dún rárá ní fret kìíní, nut jìtá ẹ ló ga jù, kì í ṣe ìka ẹ ló burú. Gbé e lọ fún ẹni tó mọ jìtá tún ṣe kó fi fáìlì gbẹ́ ojú ihò okùn wálẹ̀ díẹ̀, má fúnra ẹ gbẹ́ ẹ. Kó o sì béèrè okùn tó tín-ín-rín, nọ́ńbà 10, dípò 12.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Oníjìtá, mo kí yín o. Ọmọ mi fi sáìtì kan hàn mí tó jẹ́ pé téèyàn bá ti fi orin sí i, á máa pe kọ́ọ̀dù ẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mo fi orin jùjú àtijọ́ tí mo fẹ́ràn láti ìgbà èwe sí i. Láàárín ìlà kan ṣoṣo ó pe bíi kọ́ọ̀dù mẹ́fà, mo tẹ̀ lé e, kò bá orin náà lọ. Ṣé etí mi ni tàbí ẹ̀rọ náà? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ilé o, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa. Etí yín ló tọ̀nà, sà.

Bí irú sáìtì bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé á gé orin sí wẹ́wẹ́, á wá wò ó pé nínú ohùn méjìlá tó wà, C, C#, D títí lọ, èwo ló pọ̀ jù nínú ègé yìí, á fi wé àwọn kọ́ọ̀dù tó ti mọ̀, èyí tó sún mọ́ ọn jù ló máa pè. Fún orin tí jìtá kan tàbí dùùrù kan ń gbé, ó máa ń gbìyànjú dáadáa. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú orin jùjú: gángan ń fa ohùn lọ sókè sódò torí ọ̀rọ̀ ló ń sọ, agbè ń ró, báàsì ń rìn káàkiri, àwọn elégbè ń gbè. Ẹ̀rọ náà ń ka gbogbo ẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀dù. Tí gángan bá sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, á rò pé kọ́ọ̀dù ti yí! Tó bá sì jẹ́ àwo àtijọ́ ni wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, eré tí ẹ̀rọ ń sá nígbà tí wọ́n ń gbà á lè ti gbé ohùn orin náà sí àárín C àti C#, túnà tiyín náà ò ní bá a mu.

Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó dáa jù ú lọ. Ẹ ṣí orin náà lórí YouTube, ẹ tẹ àmì sétíńgì, ẹ lọ síbi eré fídíò, ẹ fi sí 0.75, tàbí 0.5 tó bá ṣì yára, orin á falẹ̀ àmọ́ ohùn ò ní lọ sílẹ̀. Ẹ gbàgbé gbogbo jìtá ná, ẹ fetí sí báàsì nìkan, ẹ fi ẹnu bá a kọ ọ́. Ẹ máa rí i pé orin tẹ́ ẹ rò pé ó le, ó lè jókòó sórí kọ́ọ̀dù méjì péré fún ìṣẹ́jú gbọọrọ, ohun tó ń yí ni ohun táwọn jìtá ń sọ lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé Òṣogbo níbí ni wọ́n bí King Sunny Adé sí ní 1946. Tẹ́ ẹ bá fetí sí bẹ́ńdì wọn, kì í ṣe jìtá kan ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń ta líìdì, òmíràn ń ta tẹnọ̀, òmíràn ń ta rídíìmù, steel guitar tún ń fà gùngùn lókè. Wọn kì í sábà ta odindi okùn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan bí app ṣe máa ń ya á. Oníkálukú mú ohùn méjì mẹ́ta, ó ń tún un ta, àárín wọn ni kọ́ọ̀dù ti ń pé. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dún bíi ti wọn, okùn mẹ́ta tó tín-ín-rín jù ni kẹ́ ẹ lò, G, B àti E. Fún key C: 553 lórí wọn ni C, 565 ni F, 433 ni G. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sún mọ́ra, ọwọ́ yín ò ní rìn jìnnà. Ẹ ta wọn ní ẹyọ ẹyọ, kì í ṣe ní gbígbá lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa dáwọ́ dúró fún gángan láti sọ tiẹ̀. Inú mi á dùn gan-an tẹ́ ẹ bá kọ̀wé padà sọ bó ṣe ń lọ fún wa, sà.

ÌBÉÈRÈ: Dátà mi ń tán kíákíá torí jìtá yìí, app mìíràn tún ní kí n fi káàdì báńkì sí i kí n tó lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n fi sí i? — Ọmọge, Ìgbọ́nà

ÌDÁHÙN: Má fi sí i, ayàfi tó o bá ti pinnu pé wàá sanwó. Ọ̀fẹ́ ọjọ́ méje bẹ́ẹ̀ yẹn, tó ò bá rántí fagi lé e kó tó pé, wọ́n á yọ owó. Kò sí kọ́ọ̀dù kan tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílò tí kò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Túnà nílò máíkì, ìyẹn tọ́, àmọ́ túnà tó bá ní òun fẹ́ rí nọ́ńbà gbogbo èèyàn inú fóònù ẹ, yọ ọ́ kúrò. Ní ti dátà, fídíò ló ń jẹ ẹ́, ojú ìwé kọ́ọ̀dù ò tó nǹkan. Chrome orí Android lè tọ́jú ojú ìwé fún ẹ kó o máa ṣí i láìsí dátà, o sì lè ya àwòrán ojú fóònù. Fún fídíò, 360p ti tó láti rí ìka, kò sídìí láti lo 1080p fún ọwọ́ ẹnì kan.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó ń wo fídíò, ó ń gbé jìtá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lódìlódì. Bàbá ẹ̀ ní kó máa lo ọwọ́ ọ̀tún bíi ti gbogbo èèyàn. Kí ni ká ṣe? — Ìyá ọlọ́wọ́ òsì, Ọ̀tà-Ẹ̀fun

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má bá a jà, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá ẹ̀ bínú sí i. Jìtá kì í ṣe oúnjẹ tàbí owó tá à ń fi ọwọ́ ọ̀tún nà sí àgbà. Jimi Hendrix, ọ̀kan nínú àwọn tó ta jìtá jù láyé, jìtá ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló máa ń dojú ẹ̀ dé tó sì tún okùn ẹ̀ tò, tó ń fi òsì ta.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbìyànjú méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọlọ́wọ́ òsì kan wà tí ti ọ̀tún rọrùn fún, torí ọwọ́ òsì ló ń tẹ kọ́ọ̀dù níbẹ̀, jìtá á sì rọrùn láti rí rà tàbí láti yá. Tó bá jẹ́ pé òsì lọwọ́ ẹ̀ fẹ́ fi máa ta okùn, ẹ fún un láyè. Ọ̀pọ̀ sáìtì àti app kọ́ọ̀dù ló ní ibi tí wọ́n kọ left-handed sí nínú sétíńgì, ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo àwòrán á yí padà sí ti ẹ̀. Àmọ́ jìtá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yẹn, ẹ má kàn yí okùn ẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, ihò tó wà lójú nut, ti okùn tó ki fẹ̀, ti èyí tó tín-ín-rín kéré, okùn tó ki ò ní wọlé, tín-ín-rín á máa mì nínú tiẹ̀. Ẹni tó ń tún jìtá ṣe ló máa pààrọ̀ nut yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun fún un, ẹ mú ọmọ náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó jókòó, kó gbé e lé itan ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó na ọwọ́ dé fret kìíní. Ti ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé èjìká ẹ̀ gbé sókè, jìtá yẹn ti tóbi jù fún un, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń pè ní three-quarter.